Sílíìfù, gáàdì tàbí sìmẹ́ǹtì: kí ni ó lè gba búlọ́ọ̀kù yín lọ́wọ́ tọ́bò ńlá?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì Honda B18C ni ó wà nínú ọkọ̀ mi, mo sì fẹ́ fi tọ́bò ńlá sí i kí ó lè fún mi ní agbára ẹṣin 600. Ojú pópó ni mo ti sábà máa ń wa ọkọ̀ náà, mo sì máa ń gbé e lọ sí pápá ìdíje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti ra kọ́nrọ́ọ̀dù àti písítìnì tó lágbára. Ẹnì kan ní kí n kan gáàdì mọ́ ojú búlọ́ọ̀kù, ẹlòmíràn ní kí n da sìmẹ́ǹtì sínú ọ̀nà omi, ẹnì kẹta ní àfi kí n pààrọ̀ sílíìfù, ìyẹn irin tó bo inú ihò sìlíńdà. Èwo ni kí n ṣe tí búlọ́ọ̀kù náà kò fi ní là?”

Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, àfọ́kù irin ni wọ́n máa ń gbé lọ́wọ́ wá. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni pé ẹrù inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn písítìnì tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà àti kọ́nrọ́ọ̀dù tó so ó mọ́ kíráńkì, ti le, ṣùgbọ́n ilé tí ẹrù náà ń gbé lè má le tó o. Ìbẹ̀rù náà tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni bí wọ́n ṣe dá yín lóhùn: ẹ gba oògùn mẹ́ta lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bi yín pé ibo ló ń dùn yín. Oògùn kọ̀ọ̀kan ni ó ní àrùn tirẹ̀ tí ó ń wò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí agbára ń gbà kọjá nínú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí ihò sìlíńdà wà nínú rẹ̀, kí a tó dárúkọ oògùn kankan.

Ihò sìlíńdà ẹ́ńjìnnì yín fẹ̀ ní mílímítà 81. Bí epo àti afẹ́fẹ́ bá gbiná nínú rẹ̀, tí ìfúnpá ibẹ̀ sì dé 100 bar (nǹkan bí ìlọ́po 100 ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká), èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹ́ńjìnnì tí tọ́bò ń fún ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, ẹrù tó ń tẹ orí písítìnì kan ṣoṣo ti ju tọ́ọ̀nù 5 lọ. Bí kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bá ń yí ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń gba ìlù yìí ní nǹkan bí ìgbà 67 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹrù náà sì ń bá jáde. Ó ń ti tọ́ọ̀pù, ìyẹn ìdérí tó wà lórí sìlíńdà, sókè, bóòtù ni ó ń dì í mú kó má ṣí. Ó ń ti písítìnì sísàlẹ̀, ẹrù yẹn á gba ara kọ́nrọ́ọ̀dù dé kíráńkì, kíráńkì á sì gbé e ru méènì béárìnì tó gbé kíráńkì dúró, àti ìdérí rẹ̀. Ìkẹta ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: nítorí pé kọ́nrọ́ọ̀dù máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ bí kíráńkì bá ti ń yí, písítìnì kì í lọ sísàlẹ̀ láìgbún ògiri sìlíńdà. Nínú B18C, tí písítìnì rẹ̀ ń rin mílímítà 87.2 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbúnnú yìí kò kéré rárá, ògiri kan náà ni ó sì máa ń bọ́ sí lára nígbà gbogbo tí iná bá ràn.

Ẹ ṣí tọ́ọ̀pù kúrò, kí ẹ wo ojú búlọ́ọ̀kù náà láti òkè. Ẹ ó rí i pé sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kòtò omi ni ó wà láàárín wọn àti ògiri ìta búlọ́ọ̀kù, kò sì sí irin kankan tó di orí wọn mọ́ ògiri náà. Èyí ni à ń pè ní búlọ́ọ̀kù ojú-ṣíṣí. Àwọn tó ṣe é kò ṣàṣìṣe: irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dà, nítorí pé irin tó ya àwòrán ọ̀nà omi lè fà jáde tààrà láti òkè, omi sì ń dé orí sìlíńdà gan-an, níbi tí iná ti gbóná jù. Fún nǹkan bí agbára ẹṣin 200 tí ẹ́ńjìnnì náà ń gbé jáde nígbà tó dára jù lọ láti ilé-iṣẹ́, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta ni ẹ ń béèrè báyìí. Nígbà náà, orí sìlíńdà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí písítìnì bá gbún un. Ìmìtìtì náà kéré débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù, mọ̀ ọ́n lára. Mo ti tẹ́ irú gásíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì lọ́pọ̀ ìgbà. Òrùka irin tó yí ihò sìlíńdà ká á máa dán lápá ibi tí písítìnì ti ń gbún ògiri, bí ẹni pé wọ́n fi iyanrìn dídán pa á, ilà dúdú tín-ín-rín kan á sì ti ibẹ̀ lọ sí ojú ihò omi. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀. Bí a kò bá gbọ́ tirẹ̀, sílíìfù irin tó tín-ín-rín nínú búlọ́ọ̀kù àlùmíníọ̀mù náà ni ó máa là lẹ́yìn rẹ̀.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ kan tó dì palẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù bá là, gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé irin náà ni kò lágbára. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn búlọ́ọ̀kù líla tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, irin náà kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀. Epo ni ó bú gbàmù láìtásìkò. Kì í ṣe ohun tí a ń sọ nígbà tí a bá ní ẹ́ńjìnnì kan ti nọ́ọ̀kì, tó ti kú, ni mo ń wí. Ohun tí mo ń wí ni pé ìyókù epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ooru àti ìfúnpá, dípò kí iná ojú pílọ́ọ̀gì jó dé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ìfúnpá á wá fò sókè lójijì bí òòlù tí a sọ mọ́ irin. Ẹ wo orí písítìnì tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí: etí rẹ̀ á ní ojú tó ṣáásáá bí ìgbà tí a fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ ó sì rí èérún àlùmíníọ̀mù wínníwínní lára tánganran pílọ́ọ̀gì. Sílíìfù tó nípọn jù lọ láyé kò lè gba irú ìlù bẹ́ẹ̀ títí. Epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ (agbára rẹ̀ láti má tètè gbiná fúnra rẹ̀) ga tó, afẹ́fẹ́ tí a ti mú tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, àti táímìn (àsìkò tí pílọ́ọ̀gì ń ṣáná) tí ọlọ́gbọ́n ṣètò sínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀nyí ni oògùn àkọ́kọ́ fún búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ láìṣe, tí ẹ wá lọ pààrọ̀ sílíìfù, ẹ kàn ń wá ohun mìíràn tí yóò fọ́ dípò sílíìfù ni.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kí a tú ni agbára ẹṣin 600 fúnra rẹ̀. Iye yẹn nìkan kò sọ ohun tí búlọ́ọ̀kù yóò gbé fún wa, nítorí pé ìfúnpá inú sìlíńdà ń tẹ̀ lé agbára ìyípo, agbára ẹṣin sì jẹ́ agbára ìyípo tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú bí kíráńkì ṣe ń yára yí. Bí ẹ bá fẹ́ kí 600 náà jáde ní ìyípo 8,000, nǹkan bí 534 Nm (Nm ni a fi ń wọn agbára ìyípo) ni ẹ ń béèrè lọ́wọ́ kíráńkì. Bí ẹ bá lo tọ́bò kékeré tó ń tètè jí, tí ẹ sì fẹ́ kí 600 kan náà jáde ní ìyípo 5,000, ó ti di nǹkan bí 854 Nm. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu onífọ́nnu, ṣùgbọ́n ẹrù tí sìlíńdà ń rù nínú èkejì fi ìdajì ẹrù ti èkíní àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ jù ú lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré pé kí wọ́n lo tọ́bò tó ń jí pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n sì ní kí ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì dín afẹ́fẹ́ kù ní àárín ìyípo, kí ó wá máa fi kún un bí ìyípo bá ti ń gòkè. Ó lè má gbá yín mọ́ àga bí ẹ ti fẹ́ ní ìyípo 4,500, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sórí gáàdì. Àwo irin tàbí àlùmíníọ̀mù tí a gé gẹ́gẹ́ bí àwòrán kòtò omi ni, tí a ń gbá wọ inú kòtò náà láti òkè kí ó lè di orí sìlíńdà mọ́ ògiri ìta. Èrò inú rẹ̀ dára, nítorí pé ibi tí àrùn wà gan-an ni ó dojú kọ. Ṣùgbọ́n mo ti fi ojú ara mi rí ohun tó ń ṣe. Nígbà kan, mo ti gbẹ́ ihò sìlíńdà kan, mo ti họ́ọ̀nù rẹ̀ dé ìwọ̀n, ìyẹn ni pé mo ti fi òkúta ìlọrin dán inú rẹ̀, kí n tó gbá gáàdì wọlé. Mo fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wọ ihò náà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí i pé òkè sìlíńdà kejì ti fi mílímítà 0.04 kúrò ní róbótó. Mo sọ fún ara mi pé kò tó nǹkan. Kò pẹ́ tí ọlọ́kọ̀ padà wá pẹ̀lú èéfín aláwọ̀ búlúù, ẹ̀gbẹ́ písítìnì náà sì ti ha gbẹrẹgẹdẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì tún iṣẹ́ náà ṣe fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gáàdì ń dí omi lọ́nà ní ibi tí ooru ti pọ̀ jù lọ, ihò tí wọ́n lu sí i kì í sì í tó ààyè tí ó gbà. Bí ẹnì kan bá fi gáàdì sí i kí ó tó gbẹ́ ihò, tí ó dè é le dáadáa kó má lè rìn, tí agbára tó ń wá kò sì pọ̀ jù, mi ò ní sọ pé ó ṣe ohun burúkú. Fún 600 lójú pópó, èmi kò ní fi í sí ọkọ̀ tèmi.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì yóò yá, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní bojúbojú nínú. Kì í ṣe sìmẹ́ǹtì ìkọ́lé. Àdàlù líle tí a pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú irin ni, tí a ń dà sínú ọ̀nà omi kí ó lè gan mọ́ ara sìlíńdà. Bí a bá dà á dé ìdajì, ìsàlẹ̀ sìlíńdà ni ó ń fún lókun. Ìsàlẹ̀ kọ́ ló sì ń ṣe B18C, òkè ni. Bí a bá dà á kún dé ojú búlọ́ọ̀kù, òkè náà yóò dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí omi tí yóò yí sìlíńdà ká mọ́, àfi èyí tó wà nínú tọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ tó ń sáré títọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, tí wọ́n á sì pa á kó tutù, lè fara da irú ìyẹn. Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ máa wà kiri ìgboro nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò lè fara dà á, ooru ọ́ìlì nìkan á ti yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó bá sì fẹ́ dà á, kí ó dà á ṣáájú gbogbo gbígbẹ́ àti họ́ọ̀nù, pẹ̀lú àwọn bóòtù àti ìdérí méènì ní dídè, nítorí pé àdàlù náà máa ń fa irin bí ó bá ti ń gan.

Ó ku sílíìfù, òun sì ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti ṣe bí 600 náà bá jẹ́ dandan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dé òpin. Iṣẹ́ náà ni pé a ó gbẹ́ ògiri sìlíńdà àtijọ́ kúrò, a ó sì fi sílíìfù tuntun tó nípọn rọ́pò rẹ̀, èyí tí a fi irú irin dídà kan ṣe tí ó lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣẹ́. Èyí tó dára fún búlọ́ọ̀kù ojú-ṣíṣí ni ó ní ètè fífẹ̀ lókè. Bí a bá tò wọ́n tán, ètè wọn á kan ara wọn, á sì kan ògiri ìta, ihò kéékèèké tí omi yóò gbà nìkan ni yóò kù. Búlọ́ọ̀kù ojú-ṣíṣí ti di ojú-dídí nìyẹn, omi sì ṣì ń rìn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irin méjì tí kò bára wọn dọ́gba ni a so pọ̀. Àlùmíníọ̀mù ń wú tó ìlọ́po méjì irin dídà bí wọ́n bá gbóná. Ohun tó fẹ̀ ní mílímítà 100, tí ooru rẹ̀ fi ìwọ̀n 80 lórí Celsius gòkè, yóò wú ní nǹkan bí mílímítà 0.18 bó bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù, àti nǹkan bí 0.09 péré bó bá jẹ́ irin dídà. Èyí túmọ̀ sí pé sílíìfù tó há dáadáa lórí tábìlì lè tú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, bí ẹni tó gbẹ́ ibùjókòó rẹ̀ kò bá ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tú, á rì sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, gásíkẹ́ẹ̀tì á sì jò. Ìdí rèé tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń mú búlọ́ọ̀kù gbóná nínú ààrò, tí wọ́n ń mú sílíìfù tutù, kí ó lè wọlé láìsí òòlù. Lẹ́yìn tí ó bá ti jókòó, a ó fá ojú búlọ́ọ̀kù àti ètè sílíìfù pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè tẹ́jú bákan náà.

Họ́ọ̀nù tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára páálí sílíìfù lọ. Nígbà tí a bá de tọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, bóòtù máa ń fa irin tó wà nítòsí rẹ̀, ihò sìlíńdà á sì yí padà díẹ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ de àwo irin nípọnnípọn mọ́ ojú búlọ́ọ̀kù ní ipò tọ́ọ̀pù, pẹ̀lú irú gásíkẹ́ẹ̀tì àti sítọ́ọ̀dù (bóòtù tí kò lórí, tí nọ́ọ̀tì ń dì) kan náà tí ẹ ó lò, ní ìwọ̀n tọ́ọ̀kì, ìyẹn bí a ṣe dè é le tó, kan náà, kí a tó họ́ọ̀nù. Ihò náà á wá rí róbótó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kódà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ má ṣe torí pé ààyè wà kí ẹ fẹ ihò náà kọjá bó ṣe yẹ. Mílímítà 84 dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ara ògiri sílíìfù ni ẹ ti ń gé e, orí písítìnì tó fẹ̀ sí i yóò sì tún gba ẹrù sí i. Tọ́bò ni yóò fún yín ní agbára tí ẹ ń wá. Ẹ dúró ní 81 tàbí nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì gbé písítìnì tí ẹ ti rà fún oníṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ kan nǹkan, nítorí pé ìwọ̀n ara písítìnì ni a fi ń wọn ihò.

Nípa ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ tú àwọn ìdérí méènì, kí ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé búlọ́ọ̀kù. Bí ibẹ̀ bá ní àpá eérú tó ń dán, ìdérí náà ti ń rìn lábẹ́ ẹrù. Sítọ́ọ̀dù tó lágbára ju bóòtù àtijọ́ lọ yóò dì í mú, ṣùgbọ́n ó máa ń yí ihò méènì padà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n wọn ihò náà, kí wọ́n sì tún un họ́ọ̀nù bí ó bá yẹ. Bákan náà ni ti sítọ́ọ̀dù tọ́ọ̀pù: ẹ rà á ṣáájú họ́ọ̀nù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé sílíìfù nìkan kọ́ ni ọ̀nà tó wà. Bí ẹ bá lè fara mọ́ nǹkan bí agbára ẹṣin 350, mo ti rí búlọ́ọ̀kù B18C tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn tó gbé e fún ọdún mélòó kan, pẹ̀lú irú kọ́nrọ́ọ̀dù àti písítìnì tí ẹ ti rà yẹn àti ètò táímìn tó pé. Fún ọkọ̀ tí kò wúwo, 350 kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí búlọ́ọ̀kù irin dídà ojú-dídí, irú ti 2JZ-GTE Toyota tàbí RB26DETT Nissan, tí wọ́n ti ṣe fún tọ́bò láti ilé-iṣẹ́. Ó wúwo jù, kò sì ní wọ inú ọkọ̀ yín láìsí iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi irin dídà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò BMW tí Nelson Piquet fi di akọni àgbáyé nínú Formula 1 ní 1983, lítà 1.5 péré ni, sìlíńdà mẹ́rin, orí búlọ́ọ̀kù irin dídà tó wá láti inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìgboro M10 ni wọ́n sì ti kọ́ ọ.

Ohun tí mi ò lè ṣe láti ibi tí mo jókòó sí ni kí n wo búlọ́ọ̀kù tiyín. Ó lè ti gbóná jù rí, ojú rẹ̀ lè ti tẹ̀, wọ́n lè ti fá a kọjá bó ṣe yẹ, ìkankan nínú wọn sì tó láti sọ ìmọ̀ràn mi di asán. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè ṣèlérí pé búlọ́ọ̀kù tó ní sílíìfù tuntun kò ní là láéláé. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń gbẹ́ irin, kí ẹ sì bi í léèrè bóyá ó ní àwo irin ìhọ́ọ̀nù fún ẹ́ńjìnnì Honda B, àti bóyá yóò kọ ìwọ̀n ihò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún yín, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ní ìhà méjì. Bí ó bá ní ojú òun nìkan ti tó, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù yín padà sínú ọkọ̀. Bí ó bá kọ ọ́, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó de tọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, a ó jọ kà á.